Ilẹ̀kùn Kejì Lára Àgọ́ Bàbá Èpé

Ní ọjọ́ fìdáù Bàbá Èpé, ààfáà dìde, ó ní ẹni tó lọ yìí, onísùúrù èèyàn ni, sùúrù sì ni baba ìwà. Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi nìkan ni àkàrà há sí lọ́nà ọ̀fun. Onísùúrù bí ti báwo? Bàbá tí wọ́n fi ọdún méjì gbáko yan àgọ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n sọ mí di awakọ̀ àti akọ̀wé láàárín Edgewater àti Oak Park, tí wọ́n wá fi sísọ́ọ̀sì gé àgọ́ náà ní ọjọ́ tó dé gan-an? Bí sùúrù bá wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, èmi ni mo ní in.

Mi ò bá ààfáà jiyàn. Mo mu omi, mo sì wolẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àgọ́ yìí ti ń hó nínú mi, ó sì dára kí n sọ ọ́ síta.

Bàbá tó bí bàbá mi ni Bàbá Èpé. Èpé ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ títí irun fi funfun. Tapólì ni wọ́n ń rán, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù orí lọ́rì àti ti inú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ìyá àgbà kú, Dádì, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ apòògùn ní Chicago, ní kí Bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Àdúgbò Edgewater la wà nígbà náà, ní àjà kọkànlá ilé gíga kan tó kọjú sí adágún. Nígbà tí Dádì ra ilé sí Matteson, ìlú kan tí kò sí létí omi, tí gbogbo wa ń kó lọ, Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ọ̀sà sílẹ̀ kí àwọn lọ máa wo ẹ̀yìn ilé ìtajà. Ọ̀sà ni wọ́n ń pe Lake Michigan títí tí wọ́n fi kú. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé adágún ni, kì í ṣe ọ̀sà. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

“Ó ní etí, ó ní ẹja, ó lè gbé èèyàn lọ. Kí ló kù tí ọ̀sà ní?”

Kò pẹ́ tí wọ́n dé Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ra ọkọ̀ àjẹ̀ onípáànù kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó kúrò nílùú. Àjà kọkànlá kò gba ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà inú gáréèjì Dádì ní Matteson ló ń gbé. Kò sí ìgbà òtútù tí Dádì kì í pariwo lé e lórí.

“Mọ́tò mi ń sùn níta nínú snow, canoe ń sùn nínú garage! Ràfíátù, ṣé o rí ayé mi?”

 Bí Bàbá bá wà níbẹ̀, wọ́n á kàn máa fi àkísà nu ikùn ọkọ̀ náà lọ bí ẹni tó ń wẹ ọmọ.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé èjìká òsì Bàbá ti kọṣẹ́. Apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n lè wà. Ó ní láti jẹ́ pé ẹlòmíràn wà níwájú tí yóò máa wa apá òsì. Dádì ti búra pé àwọn ò ní fọwọ́ kan àjẹ̀ mọ́ láyé. Ọkọ̀ ni wọ́n ń wà lọ sílé ìwé ní Èpé láti kékeré, nínú òjò, nínú ọyẹ́, wọ́n ní ìyẹn ti tó. “Nítorí kí n má baà wa ọkọ̀ ni mo ṣe kàwé,” bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Ó ku èmi, àkọ́bí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí kò tíì mọ bí èèyàn ṣe ń sọ fún àgbàlagbà pé rárá. Mo bi Bàbá bóyá wọn ò lè máa dá lọ.

“Ọkọ̀ tí a fi ọwọ́ kan wà, yíyí ló ń yí.”

Bí ẹ bá rò pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń lọ bí ọmọ èèyàn, ẹ kò mọ Bàbá Èpé. Wọ́n ní ní July, odò ti di ọjà, àwọn ọ̀mùtí ló kún ibẹ̀. Ìgbà tí ewé bá ti pọ́n, tí oníkálukú bá ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ pamọ́, tí òtútù bá ti ń mú èèyàn létí, ìgbà náà ni ara wọn máa ń yá. Wọ́n á tẹ̀ wá láago ní Matteson. A ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé, Bàbá sì kórìíra ẹ̀rọ náà bí ẹni pé olè ni. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, màá gbọ́ èémí wọn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà: “Ràfíátù. Ẹ̀fọn ti lọ.” Ó tán nìyẹn. Wọ́n ti gbé fóònù sílẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ dópin.

“Mi ò lè máa bá ẹni tí kò sí nílé jíròrò.”

Ìgbà ìwọ́wé 1983 ni ìjà wa bẹ̀rẹ̀, ní etí odò kan ní Wisconsin. Èmi ni mo ra àgọ́ tí a gbé lọ, àgọ́ náílọ́nù kékeré kan tó ní àwọ̀ ọsàn. Ó fúyẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi pa á, inú mi dùn sí i gan-an. Bàbá tẹrí wo inú rẹ̀, wọ́n ní, “Àpò ìrẹsì.” Lóòótọ́, kò ga. Wọn ò lè nàró kírun nínú rẹ̀, òtútù kò sì jẹ́ kí wọ́n kí i níta, wọ́n ní láti jókòó kí i bí aláìsàn, ìyẹn sì bà wọ́n nínú jẹ́. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní. Bàbá ti fi ilẹ̀kùn náà kọjú sí gábàsì tí a ń kọjú sí kírun, wọ́n tẹ́ ẹní tiwọn sí ẹnu ọ̀nà, èmi sùn sí ẹ̀yìn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtọ̀ jí mi. Bàbá ti wà lórí ìrun lójú ọ̀nà. Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ nílé Mùsùlùmí mọ̀ pé a kì í gba iwájú ẹni tó ń kírun kọjá. Mo dúró. Wọ́n parí ìrun nọ́fílà, mo ní ó tán, wọ́n fa tẹ̀sùbáà yọ. Bí tẹ̀sùbáà bá wà lọ́wọ́ Bàbá, wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í yẹra, àfi bí ilé bá ń jó. Mo fún ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Wọ́n ka tẹ̀sùbáà tán, wọ́n tún gbé ìrun àsùbáà fúnra rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n sì mú súrà tó gùn. Ìgbà tí wọ́n forí kanlẹ̀ ni ara mi kò gbà á mọ́. Mo fò kọjá níwájú wọn, ẹsẹ̀ mi kọ́ igi àgọ́, gbogbo rẹ̀ sì wó lé wọn lórí.

Wọn ò dá ìrun náà dúró. Nígbà tí mo padà dé láti ìdí igi, mo dúró sínú ìrì dídì, mo ń wo aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń gbórí sókè, tó ń tẹ̀, tó tún ń forí kanlẹ̀. N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sá lọ. Ìgbà tí wọ́n sálámà tán ni ohùn wọn jáde láti abẹ́ aṣọ.

“O gba iwájú mi kọjá.”

Wọn ò sọ ohun mìíràn láti Wisconsin títí dé Edgewater. Nígbà tí mo gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, mo kúnlẹ̀ díẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é lójú títì Amẹ́ríkà, mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín lọ mọ́. Never.” Wọ́n ní, “Mo gbọ́.” Wọ́n gbé àpò wọn, wọ́n wọlé.

Mo mọ ohun tí mo ṣe. Bí n kò bá lọ, kò sí ẹlòmíràn. Ọkọ̀ á máa jókòó sí gáréèjì, Bàbá á sì máa wo omi láti àjà kọkànlá bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ṣe orí kunkun. Ẹ má bi mí ibi tí mo ti jogún orí kunkun.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ẹ̀rọ fóònù fi gba èémí sílẹ̀. “Ràfíátù. Àgọ́.”

Mo ní mi ò ní wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́, mi ò ní mi ò ní wa mọ́tò. Bí wọ́n ṣe mú mi nìyẹn. Wọ́n ti gbọ́ nípa òyìnbó arúgbó kan ní Oak Park tó ń fi kánfáàsì rán àgọ́ bí oníbàárà bá ṣe fẹ́ ẹ, àgọ́ bí ilé, tó ní ògiri mẹ́rin tó nàró àti òrùlé, tí èèyàn lè gbé sítóòfù onígi sínú rẹ̀. Walter lorúkọ rẹ̀. Bàbá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dáadáa, Walter kò gbọ́ Yorùbá rárá, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, Bàbá na ọwọ́ mú etí aṣọ kan lórí tábìlì, wọ́n fi àtàǹpàkò yí i wò, Walter sì tẹjú mọ́ àtàǹpàkò náà. Mo ti mọ̀ nígbà yẹn pé ayé mi ti bàjẹ́.

Walter fún wa ní àpẹẹrẹ aṣọ mẹ́fà. Èèyàn gidi á mú ọ̀kan. Bàbá kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà relé. Wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ẹnu abọ́, wọ́n da omi sí i, wọ́n sì jókòó tì í láti àárọ̀ títí di ìrun aláásárì láti mọ èyí tí yóò jò. Mo fi ìka kan ìdí ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ó ti rin. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́. Wọ́n ní kánfáàsì tó bá ti mu omi, ibi tí èèyàn bá fọwọ́ kàn lábẹ́ ni omi máa gbà wọlé, àti pé irú ìka bẹ́ẹ̀ ló ń ba ẹrù oníṣòwò jẹ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n so gbogbo rẹ̀ mọ́ irin bálíkónì, wọ́n ní kí òtútù odindi kan kọjá lórí wọn kí àwọn tó mọ èyí tí yóò pẹ́. Odindi òtútù kan! Àwọn tó ń mójú tó ilé náà kọ lẹ́tà pé a kò gbọdọ̀ sá aṣọ síta. Èmi ni mo kà á fún wọn.

“Sọ fún wọn pé aṣọ kọ́ ni mo sá. Ilé ni.”

Èmi náà ni mo kọ èsì. Mo kọ lẹ́tà sí Walter náà, mi ò lè ka iye ìgbà. Kí ògiri ga sí i ní ìka méjì. Kí ó má ga mọ́. Kí ó rán ilẹ̀ mọ́ ọn. Rárá o, kí ó yọ ilẹ̀ kúrò, ẹní là ń tẹ́. Kí ó lo aṣọ tó nípọn. Rárá, èyí tó fúyẹ́ díẹ̀, nítorí ó ní láti wọ àárín ọkọ̀ láìjókòó lé wa lẹ́sẹ̀, Ràfíátù kò sì lágbára. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, pé Ràfíátù kò lágbára. Mo bi wọ́n pé kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú agbára Ràfíátù, nígbà tí Ràfíátù ti ní òun ò lọ. Wọ́n ní kí n máa kọ̀wé.

Ibi tí sítóòfù máa wà tún di ìjà. Walter ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn iwájú ló dára jù, kí èèyàn lè máa ti ìta kó igi wọlé. Bàbá ní ẹ̀yìn, ní igun ọ̀tún. Wọ́n ní àwọn ò lè kọjú sí iná kírun, ẹnu ọ̀nà ló sì máa kọjú sí gábàsì, nítorí náà iná gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn àwọn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Walter, ojú ń tì mí. Ó họrí. Ó ní, “Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti máa ń gbàdúrà, mo ní láti mọ bó ṣe máa ń ṣe é.”

Ẹ gbọ́ mi, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Bàbá Èpé bọ́ bàtà láàárín ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n gbọn fìlà, wọ́n gbọ́wọ́ dé etí, wọ́n dúró. Walter wọn gíga wọn, tòun ti fìlà. Wọ́n tẹ̀, ó wọn bí ẹ̀yìn ṣe jìnnà sí ògiri. Wọ́n forí kanlẹ̀, ó wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú téèpù lọ́wọ́, ó ń wọn láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Àwọn oníbàárà méjì wọlé, wọ́n rí wa, wọ́n sì rọra jáde. Nígbà tí Bàbá dìde, Walter ní kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un ṣe, òun ò tíì wọn ìgúnpá. Wọ́n tún un ṣe. Inú wọn dùn débi pé wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nínú mọ́tò, wọ́n ní, “Ìyẹn mọ iṣẹ́.” Láyé mi, mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹlòmíràn, títí kan Dádì.

Ní ọjọ́ yẹn ni Walter bi wọ́n bóyá ilẹ̀kùn kan ni tàbí méjì. Wọn ò tilẹ̀ ronú.

“Kan. Ilẹ̀kùn méjì, òtútù méjì.”

Ìgbà ìwọ́wé 1984 dé, ó lọ, àgọ́ kò tíì sí. Mo sọ fún wọn pé ó ti rẹ Walter, ó ti rẹ èmi náà, ọdún ń lọ, wọn ò sì kéré sí i. Wọ́n ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Mo ní, “Bàbá, ọbẹ̀ yìí ti di yìnyín.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú wọn, síbẹ̀ wọn ò yára.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kejì, àgọ́ náà parí. A gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé Dádì ní Matteson láti pa á wò. Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò lè bínú. Funfun ni, ó nà gbọnrangandan, ìmọ́lẹ̀ ń gba ara rẹ̀ wọlé bí ìgbà tí èèyàn wà nínú ẹyin. Bàbá yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fi omi rin ín kí òwú rẹ̀ lè wú, wọ́n sì dúró kí ó gbẹ. Nígbà tí aláásárì tó, wọ́n tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n kọjú sí gábàsì. Èmi wà lẹ́yìn wọn, mo ń ka ìwé fún ìdánwò. Mo ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́, àkókò ti ń lọ, mo sì dìde, bàtà lọ́wọ́. Bàbá wà lójú ọ̀nà. Mo dúró síbẹ̀, mo ń mi ẹsẹ̀. Wọ́n sálámà sí ọ̀tún. Wọ́n sálámà sí òsì, ojú wọn sì bá mi níbi tí mo dúró sí pẹ̀lú bàtà.

Wọ́n wo bàtà náà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Mú sísọ́ọ̀sì wá.”

Mo rò pé okùn kan ni wọ́n fẹ́ gé. Wọ́n wọlé lọ sí ògiri ẹ̀yìn, ní igun òsì tó kọjú sí ti sítóòfù, wọ́n fi èékánná fa ìlà kan láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì gé e. Krr. Kánfáàsì tí a fi ọdún méjì yàn! Mo kígbe. Mo gbàgbé pé àgbàlagbà ni mò ń bá sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ń tú jáde lẹ́nu mi. “Are you serious right now? Bàbá! Two years! Ẹ̀yin lẹ ní ilẹ̀kùn kan! Walter bi yín, one or two, ẹ ní one!” Wọ́n ń gé e lọ. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ òwú kúrò lára ẹ̀wù wọn.

“Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rán etí ihò náà, wọ́n wọ awọ sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, wọ́n ń ti abẹ́rẹ́ gígùn bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Èpé, wọ́n fi aṣọ bò ó láti òkè, wọ́n sì fi okùn mẹ́fà sí i. Èjìká òsì ń dùn wọ́n débi pé èmi ni mo ń bá wọn di aṣọ mú, tí mo fajú ro. Dádì ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n wo ihò náà, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, wọ́n sì wọlé lọ jẹun.

Bàbá kò ní kí n bá wọn lọ. Wọn ò sọ ọ́ rárá. Wọ́n kàn tẹ̀ wá láago ní oṣù kẹwàá. “Ràfíátù. Àgọ́ ti tán.” Mo gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo sọ fún gbogbo ilé pé mo fẹ́ lọ wo bí ihò yẹn yóò ṣe jò ni mo ṣe ń lọ.

Kò jò. Odò yẹn kan náà, etí rẹ̀ kan náà. Wọ́n wa ọ̀tún, mo wa òsì, ìrì dídì wà lórí koríko, sítóòfù ń ta páapáa lẹ́yìn wa, inú àgọ́ gbóná bí ilé ìdáná. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, mo jí. Bàbá ti nàró lójú ọ̀nà, fìlà lórí, wọ́n ń ka súrà gígùn wọn láìsí ìyára kankan. Mo nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí mi. Okùn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti tú márùn-ún sílẹ̀ dè mí.

Mo mọ̀ nígbà yẹn. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ pé mi ò mọ̀. Mo jáde, mo tọ̀, mo dúró nínú òtútù tí ojú mi ń ta mí, mo sì gba ẹ̀yìn padà wọlé. Wọ́n ti parí. Wọ́n ní, “Omi tíì ti gbóná.” Ó yẹ kí n kúnlẹ̀. Ó yẹ kí n ní, Bàbá, ẹ ṣeun. Ohun tí mo sọ ni pé, “Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé o.”

“Rọra so ó.”

Ìgbà ìwọ́wé mẹ́ta la fi lọ, mo sì ń gba ilẹ̀kùn yẹn jáde ní gbogbo òwúrọ̀. Mi ò dúpẹ́ rí. Mo rò pé àyè ṣì wà. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, ó dùn mí ju ikú wọn fúnra rẹ̀ lọ, nítorí ikú kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Ọjọ́ kejì fìdáù, Dádì ní ó ti tó kí mọ́tò àwọn wọlé. Wọ́n ní kí n wá ẹni tí yóò gba ọkọ̀. Mo ní kí a kọ́kọ́ pa àgọ́ náà kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kó má baà hu. Wọ́n ràn mí lọ́wọ́, wọ́n ń ráhùn pé èèkàn pọ̀ jù. Nígbà tí ó dúró tán, aláásárì ti tó. Dádì nàró nínú rẹ̀, wọ́n wo òkè, wọ́n ní, “Ó ga tó,” wọ́n sì tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà. Mo wà lẹ́yìn, mò ń ká okùn. Ni mo bá rántí pé mo gbé ẹ̀wà kaná. Mi ò ronú rárá. Mo tú okùn mẹ́fà, mo gba ẹ̀yìn jáde, mo pa iná, mo padà wọlé láti ibi tí mo gbà jáde. Dádì ti sálámà, wọ́n yíjú, wọ́n ń wò mí.

“Kí ni Bàbá tiẹ̀ fẹ́ fi ilẹ̀kùn yìí ṣe gan-an?”

Mo sọ fún wọn. Mo sọ nípa àgọ́ aláwọ̀ ọsàn, ìtọ̀, bàtà ọwọ́ mi, okùn márùn-ún tí wọ́n tú dè mí. Mo sọ pé Bàbá kò bẹ̀ mí kí n padà wá, wọ́n kàn gé ilé wọn fún mi, èmi kò sì dúpẹ́.   Dádì fọwọ́ ra etí ihò náà, níbi tí abẹ́rẹ́ ti gbà.

“Èmi náà gba iwájú wọn kọjá rí, ní Èpé,” ni wọ́n wí. “I was maybe seven. Ìgbátí tí mo gbà lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì ń dún létí mi.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà ní ojú wọn. “Wọ́n gbá mi létí, wọ́n la ilẹ̀kùn fún ọ.”

A jọ ká ẹní. Wọ́n jáde síwájú mi, wọ́n gba ẹ̀yìn, wọ́n tẹrí ba kí wọ́n tó lè kọjá, wọ́n sì lọ tààrà sí gáréèjì. Nígbà tí mo débẹ̀, àjẹ̀ méjèèjì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wo wọ́n bí ẹni tó pàdé ọ̀tá ilé ìwé.

“Ràfíátù, apá wo ni tèmi?”

“Ọ̀tún ni, sà.”